Bí kókó bá yọ lára ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún: ìtọ́sọ́nà fún ẹbí tó wà ní Òṣogbo

Tí ẹnì kan nínú ilé yín bá ti lọ pààrọ̀ ọkàn lókè òkun, tó sì ti padà sí Òṣogbo, ẹ ti mọ̀ pé oògùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí kò mọ̀, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo wọn mọ̀, ni pé oògùn yẹn kan náà lè fi àyè sílẹ̀ fún irú jẹjẹrẹ kan tó máa ń mú ẹ̀jẹ̀ funfun. Límfómà ni wọ́n ń pè é. Ó lè wọlé bí ibà, ó lè wọlé bí inú rírun, ó sì lè jẹ́ kókó kékeré lọ́rùn tí kò dun ẹni tó gbé e. Tí wọ́n bá tètè rí i, ìtọ́jú wà fún un, ọ̀pọ̀ ló sì ń bọ́ nínú rẹ̀. Ohun tó ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ikú ni kí wọ́n máa fi oṣù méjì, oṣù mẹ́ta tọ́jú ibà tí kì í ṣe ibà.

Apoògùn ni mí ní ìlú yìí. Orí káńtà ni mo ti ń bá irú àìsàn yìí pàdé, kó tó dé iwájú dókítà rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí.

Ohun tó ń fà á

Àjèjì ni ọkàn tuntun lójú àwọn ọmọ ogun ara, wọ́n á sì dìde sí i. Nítorí èyí ni dókítà ṣe ń fún ẹni náà ní tacrolimus tàbí cyclosporine, pẹ̀lú mycophenolate tàbí azathioprine, àti prednisolone, kí àwọn ọmọ ogun náà lè rọra. Kò sí bí a ṣe lè ní kí wọ́n rọra fún ọkàn nìkan, kí wọ́n sì le sí gbogbo àrùn yòókù. Ìṣòro yìí ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1967, ní ilé ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town, Dókítà Christiaan Barnard pààrọ̀ ọkàn fún Louis Washkansky. Ọkàn náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ òtútù àyà pa ọkùnrin náà lẹ́yìn ọjọ́ 18, torí pé ara rẹ̀ kò lè jà mọ́.

Fáírọ́ọ̀sì kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Epstein-Barr, EBV nínú ìwé àyẹ̀wò. Ọdún 1964 ni Anthony Epstein, Bert Achong àti Yvonne Barr rí i nínú kókó tí wọ́n gé lára àwọn ọmọdé ilẹ̀ Uganda tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú. Irú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà nọ́ọ̀sì tó ti ṣiṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn. Itọ́ ni fáírọ́ọ̀sì yìí ń bá rìn, èyí tó pọ̀ jù nínú wa ló sì ti kó o láti kékeré láìmọ̀. Kì í jáde lára mọ́. Inú irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan ló máa ń sá pamọ́ sí, àwọn ọmọ ogun ara á sì máa ṣọ́ ọ. Nígbà tí oògùn bá ti so ọwọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì náà wà nínú wọn lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láìdáwọ́ dúró. Tí ẹ bá rí PTLD nínú ìwé dókítà, àìsàn tó ń tẹ̀lé pípààrọ̀ ẹ̀yà ara yìí náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

1. Ẹ mọ ibi tí ẹni yín dúró sí

Nínú àgbàlagbà 100 tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún, láti bíi 2 sí 8 ló máa ń ní i. Ewu náà pọ̀ jù fún ọmọdé tí kò tíì ní EBV rí, tó wá gba ọkàn lára ẹni tó ní i. Ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni kí ojú yín là jù, àmọ́ ó tún máa ń wá lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá, nígbà tí gbogbo ilé ti gbàgbé. Èyí tó ń pẹ́ kó tó dé kì í sábà ní EBV nínú. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní àyẹ̀wò EBV kò fi nǹkan kan hàn, ìyẹn kò fi hàn pé kò sí límfómà níbẹ̀.

2. Ẹ máa fọwọ́ wá a lára

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ìwẹ̀ àárọ̀, ẹ jẹ́ kí ó jókòó lórí àga, kí ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Orí ìka mẹ́ta ni kí ẹ fi ṣe é, ẹ má fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, ẹ lọ sẹ́yìn etí, ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì títí dé inú kòtò tó wà lókè eegun tó so èjìká mọ́ àyà. Ibi kòtò yẹn ṣe pàtàkì, torí kókó tó bá yọ níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ ti ọ̀fun dídùn. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé apá rẹ̀ lé ọwọ́ yín kí ara rẹ̀ lè dẹ̀, kí ẹ wá wo inú abíyá. Ojú itan ni yóò wò fúnra rẹ̀ tí ojú bá ń tì í.

Kókó tó bá tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, tó le, tí kò dunni, tó sì wà níbẹ̀ fún ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Tó bá ń tóbi sí i kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹ má dúró dè é.

Àmọ́ o, límfómà tó ń tẹ̀lé pípààrọ̀ ọkàn kì í fi gbogbo ìgbà jókòó sí ọrùn. Ó fẹ́ràn inú ìfun gan-an. Inú rírun tó ń lọ tó ń bọ̀, ìgbẹ́ tó dúdú tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀, èébì, inú tó wú tí ẹni náà kò sì lè yàgbẹ́, gbogbo wọn ló yẹ kí ẹ sọ. Tí inú bá ṣàdédé dun ún gidigidi tó sì le gbandi, ìfun lè ti lu. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ nìyẹn, ì báà jẹ́ òru. Ó lè wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, kó mú ikọ́ àti mímí gúlegúle wá. Ó lè wà nínú ọpọlọ, kí orí máa fọ́ ọ, kó máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò bá ara mu, tàbí kí gìrì gbé e.

Àwọn àmì mẹ́ta kan tún wà tí dókítà kì í ṣàì béèrè. Àkọ́kọ́ ni ibà tó ń lọ tó ń bọ̀. Èkejì ni ìlàágùn òru. Mo mọ̀ pé nígbà tí kò bá sí iná, gbogbo Òṣogbo ló ń làágùn. Èyí tí mò ń sọ ni èyí tó ń mú kí ẹni náà dìde pààrọ̀ aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì láàárín òru, kódà nígbà ọyẹ́. Ẹ̀kẹta ni kí ó máa rù láìgbààwẹ̀. Ẹ ra ìwọ̀n sílé, kí ó gùn ún ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó wọn kílò 70 tó bá ti sọ kílò 7 nù láàárín oṣù mẹ́fà, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti oúnjẹ mọ́.

3. Ẹ má ra oògùn sí i

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù.

Ìyá kan wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ bá mi mú oògùn ibà tó gbóná, àti Ampiclox, àti ti ara ríro. Dádì àwọn ọmọ ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí a ó lo ti ibà lóṣù yìí, kò lọ."

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ ṣé o. Oògùn wo ni Dádì ń lò tẹ́lẹ̀?"

Ó tú báàgì rẹ̀, ó fa sáṣẹ́ẹ̀tì tacrolimus yọ. Ó ní ọkàn ni wọ́n pààrọ̀ fún wọn ní Íńdíà, àti pé ara wọn ti yá pátápátá tẹ́lẹ̀. Mo béèrè bóyá nǹkan wú lára wọn. Ó fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀ lápá òsì, ó ní, "Kókó kan wà níbí, àmọ́ kò dùn wọ́n." Mo kó gbogbo oògùn tí mo ti tò sórí káńtà padà, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Fún ẹni tó ń lo oògùn wọ̀nyí, ibà tó bá ti dé 38 lórí tẹmómítà, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe kẹ́míìsì. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn, tó bá wà níbẹ̀, wọ́n á tọ́jú rẹ̀. Àmọ́ tí ara kò bá tutù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ní kí wọ́n wá nǹkan mìíràn.

Ibuprofen, diclofenac àti piroxicam máa ń ba kíndìnrín jẹ́ tí wọ́n bá pàdé tacrolimus. Paracetamol ni kí ẹ lò, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Erythromycin, clarithromycin, fluconazole àti ketoconazole máa ń jẹ́ kí tacrolimus pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, kíndìnrín á sì fara gbá a. Ọsàn grapefruit náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti àgbo, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀, ilé wa ni wọ́n ti ń sè é. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ iye ohun tó wà nínú ife kan, ẹ̀dọ̀ tó ń yọ́ àgbo náà ló sì ń yọ́ tacrolimus. Ẹni tó pààrọ̀ ọkàn kò gbọdọ̀ mu ún. Ẹ sì má ra dexamethasone tàbí prednisolone kún èyí tó ń lò. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè mú kí kókó rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí wọ́n wá gé e kí wọ́n má rí òótọ́ ibẹ̀.

Èyí tó burú jù nínú wọn ni rifampicin, oògùn ikọ́ ife. Nílẹ̀ wa, tí kókó bá yọ lọ́rùn, ikọ́ ife ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rò, wọn ò sì jẹ̀bi, torí ó wọ́pọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni ìtọ́jú rẹ̀. Àmọ́ rifampicin máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lé tacrolimus jáde lára. Ìwọ̀n rẹ̀ á já wálẹ̀, ara á sì dìde sí ọkàn. Kí wọ́n yẹ ikọ́ ife wò, kò burú, ó tiẹ̀ yẹ. Kí wọ́n máa fún un ní oògùn rẹ̀ láìrí i, láìbá àwọn dókítà ọkàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìyẹn ni kí ẹ má gbà.

4. Ẹ pe àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ

Ẹ ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Íńdíà fi wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ṣíwájú wa: aago 8 àárọ̀ ní Òṣogbo, 12:30 ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ pè. South Africa fi wákàtí kan péré ṣíwájú.

Nílé níbí, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIOSUN, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní LAUTECH, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ lẹ́nu ọ̀nà ni pé, "Wọ́n ti pààrọ̀ ọkàn fún wọn, wọ́n sì ń lo oògùn tó ń dín agbára ara kù." Ẹ má jẹ́ kó tò pẹ̀lú àwọn tó ní ibà lásán. Ẹ béèrè dókítà ọkàn, kí ẹ tún béèrè dókítà ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ sí OAUTHC ní Ifẹ̀ tàbí UCH ní Ìbàdàn, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn, ẹ má fẹnu lásán lọ.

Ẹ ti gbọ́dọ̀ ní ìwé ojú kan nílẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó dé, kí ẹ fi í sínú ọ̀rá, kí àwòrán rẹ̀ sì wà lórí fóònù ẹni méjì. Ẹ kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ àti ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe é sí i, orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan àti ìwọ̀n rẹ̀, iye tacrolimus tí wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn, bí EBV ṣe rí lára òun àti lára ẹni tó fún un lọ́kàn, àti oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà. Ẹ fi ìlà kan kún un: ọkàn tuntun kò ní iṣan tó so ó mọ́ ọpọlọ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó máa ń yára lù nígbà ìsinmi, ó sì lè wà nínú ewu kí àyà má dùn ún. Dókítà tó jẹ́ ọ̀dọ́ lè má tíì rí irú rẹ̀ rí.

Tí wọ́n bá fẹ́ yẹ ìwọ̀n tacrolimus wò, kí ó má lo ti àárọ̀ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbé e dání, kí ó lò ó ní kété tí wọ́n bá fà á tán. Ẹ má sì dá oògùn kankan dúró fúnra yín nítorí pé ẹ gbọ́ pé òun ló fa kókó.

5. Kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì gé e dáadáa

Àwòrán skáànì kò lè sọ irú kókó tó jẹ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa omi inú kókó kì í sábà tó. Ohun tí ẹ máa béèrè ni kí wọ́n yọ odidi kókó kan, ibi tó bá ti rọrùn jù láti dé. Tó bá jẹ́ inú ìfun ló wà, wọ́n á fi ẹ̀rọ wọlé láti mú díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n tó gé e, pé kí wọ́n pín in sọ́nà méjì: èyí tó pọ̀ á wọ inú fómálìnì, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ, ìwọ̀nba á wọ inú omi iyọ̀ ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ikọ́ ife. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n á gé e, ìbéèrè méjèèjì á sì rí ìdáhùn. Èyí tó bá ti bọ́ sínú fómálìnì, a kò lè lò ó fún ọ̀gbìn kòkòrò ikọ́ ife mọ́.

Ẹbí ló sábà máa ń gbé ìgò náà lọ sí láàbù, nítorí náà ẹ wò ó dáadáa kó tó kúrò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Orúkọ gbọ́dọ̀ wà lára ìgò fúnra rẹ̀, kì í ṣe lórí ìdérí nìkan. Kí fómálìnì bo ẹran ara náà mọ́lẹ̀. Ẹ má gbé e sí firísà, ẹ má fi sínú mọ́tò tó ń gba oòrùn.

Tí èsì bá jáde pé límfómà ni, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò CD20 (àmì kan tó lè wà lára sẹ́ẹ̀lì límfómà) àti ti EBV lórí ẹran ara náà, torí òun ló máa sọ oògùn tó bá a mu. Tí láàbù yín kò bá ń ṣe é, ẹ gba búlọ́ọ̀kù, ìyẹn àbẹ́là tí láàbù ri ẹran ara náà sí, kí ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ti yín ni. Ẹ gba ìwé fún un, kí ẹ má sọ ọ́ nù.

Lẹ́yìn èyí ni skáànì CT láti ọrùn dé ìbàdí, àyẹ̀wò LDH (ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó lè ga tí límfómà bá wà), ti kíndìnrín, ti ẹ̀dọ̀, HIV, àti mẹ́dọ̀wú B. Mẹ́dọ̀wú B yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò ó. Ó pọ̀ láàárín wa, rituximab, oògùn límfómà tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, sì lè jí i dìde kó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Tó bá wà níbẹ̀, oògùn wà tí wọ́n á kọ́kọ́ fún un.

6. Ìtọ́jú

Ohun àkọ́kọ́ tí dókítà máa ń ṣe ni kí wọ́n dín oògùn ọkàn kù, kí àwọn ọmọ ogun ara lè dìde sí límfómà náà. Wọ́n sábà máa ń dá mycophenolate tàbí azathioprine dúró, kí wọ́n sì bu tacrolimus kù. Nínú pípààrọ̀ kíndìnrín, tí ara bá kọ kíndìnrín tuntun, ẹ̀rọ wà tó lè fọ ẹ̀jẹ̀. Ti ọkàn kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí tàbí apoògùn ló máa dín in, bí kò ṣe dókítà ọkàn àti dókítà ẹ̀jẹ̀ pọ̀, tí wọ́n á sì máa fi ẹ̀rọ eko wo ọkàn náà léraléra. Lásìkò yìí, tí ẹsẹ̀ bá wú, tí kò lè sùn gbalaja mọ́, tí mímí ń ni í lára, tàbí tí ó ṣàdédé wúwo láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn.

Tí ìyẹn nìkan kò bá tó, tí CD20 sì wà lára kókó, rituximab ni wọ́n máa ń fi sí ẹ̀jẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn kan, òun nìkan ló ń tó wọn. Fún àwọn yòókù, wọ́n á fi kímò, ìyẹn àwọn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, kún un, irú èyí tí wọ́n ń pè ní CHOP, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Doxorubicin wà nínú rẹ̀, ó sì lè ba ọkàn jẹ́, nítorí náà eko gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Fún èyí tó ní EBV tí gbogbo èyí kò ràn, Yúróòpù fọwọ́ sí tabelecleucel ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti kọ́ láti bá EBV jà ni.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa ra rituximab láti Ìbàdàn tàbí Èkó, inú fíríìjì ló ń gbé, láàárín 2 sí 8 lórí tẹmómítà. Kúlà àti yìnyín ni kí ẹ gbé dání, kí ẹ fi aṣọ sáàárín oògùn àti yìnyín kó má bàa dì. Èyí tó bá ti dì, kò ṣe é lò mọ́. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì gbé e lọ tààrà sí fíríìjì ilé ìwòsàn, kì í ṣe ti ilé.

Nígbà kímò, 38 lórí tẹmómítà túmọ̀ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí yẹn. Ẹ má lo paracetamol kí ẹ wá máa wò ó.

7. Nílé

Omi tí wọ́n sè ni kí ó máa mu, ì báà jẹ́ ti kànga tàbí ti bọ́hóólù. Ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ, èrò á pọ̀, omi odò kò sì gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ bá wà níbẹ̀ lè rán ọmọ ìyá rẹ̀ lọ tọrọ fún un. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú àti ti èéyí kì í ṣe tirẹ̀, torí ààyè kòkòrò ló wà nínú wọn. Tí wọ́n bá kán ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sẹ́nu ọmọ nínú ilé, kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ ìlédìí ọmọ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Lẹ́yìn ìtọ́jú, dókítà lè yí oògùn ọkàn padà sí sirolimus tàbí everolimus. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ni kí ẹ máa ṣọ́ jù bóyá á padà, nítorí náà ẹ má dá fífọwọ́ wá kókó àti gígun ìwọ̀n dúró. Ẹ máa ra oògùn nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kó tán. Tí wọ́n bá fún yín ní tacrolimus ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹ pe dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ìwọ̀n rẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.